Àgbo àti oògùn pàdé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀

Ìbéèrè kan lórí iṣẹ́ mi ló gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Màmá, dé ilé ìwòsàn ní Ìlá lónìí.

Màmá ní, "Kí ni ẹ ń ṣe gan-an ní Ìbàdàn yẹn?"

Mo ní, "A máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ tí ẹ̀rọ lè rí, ẹ̀rọ náà á wá máa ya àwòrán bó ṣe ń wọ ẹ̀dọ̀ àti bó ṣe ń jáde. Bí oògùn méjì bá forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀, ọ̀kan lè dí èkejì lọ́nà, kó wá pọ̀ jù lára."

Màmá tún bi mí:

"Ṣé àgbo náà ń gba ibẹ̀?"

"Ó lè gba ibẹ̀, Màmá. Kí ló dé?"

Àṣé wọ́n ti ń mu àgbo mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òòyì ń kọ́ wọn, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ti wálẹ̀ jù. Ó ní kí wọ́n dá àgbo dúró ná.

Bí a ṣe ń bọ̀, Màmá rẹ́rìn-ín: "Mo ti rò pé ogbó ló dé."

Ta ló ń da àgbo mọ́ oògùn nílé tiyín? Ẹ bi wọ́n, kí ẹ wá sọ èsì wọn fún mi níbí.