Omi Ń Yọ̀ Kúrò Lára Ìyá Mi

Nígbà tí a ń wẹ òkú ìyá mi nílé wa ní Iba, omi ò dúró sí wọn lẹ́sẹ̀. Èmi ni mò ń bu omi. Á ṣù róbótó-róbótó, á yí, á bọ́ sílẹ̀, ibi tó kúrò á sì gbẹ bí ẹni pé omi ò kàn án rí. Àwọn ìyá méjì tó wá wẹ̀ wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí àgbà nínú wọn yíjú sí mi.

"Kí lo fi ń pa ìyá ẹ lára?"

"Òrí ni, mà."

Irọ́ ni. Kírímù ni mò ń pò tà ní Okokomaiko, òróró sílíkóònù, tí omi kì í ràn mọ́, ló sì ń jẹ́ kó máa dán lára àwọn oníbàárà mi. Èyí tó ki jù lọ ni mo fi ń pa ẹsẹ̀ ìyá mi tó sán, láràárọ̀, fún ọdún méjì. Wọ́n á ní mo ti sọ àwọn di ọmọge. Wọn ò mọ̀ pé bóyá nínú gbogbo àlùwàlá tí wọ́n ń ṣe, omi ò kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Èmi náà ò rò ó débẹ̀, àfi ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ìyá náà tún fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ wọn kí omi tó mú un. Omi yẹn ṣàn sínú kòtò tí a gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí a sìnkú tán, tí àwọn èèyàn ṣì wà níwájú ilé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì òróró tó kù lọ síbẹ̀, mo dà á sí kòtò náà tán, mo wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ojú ń tì mí, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó kà á lórí fóònù pé òróró náà kì í tètè jẹrà. Ara ìyá mi á ti máa di yẹ̀pẹ̀ báyìí. Ohun tí mo sin sẹ́yìn ilé ṣì wà bó ṣe wà. Tí òjò bá rọ̀, gbogbo àgbàlá á mu omi, àfi ibẹ̀. Omi á jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, á máa wò mí bí ojú ẹja. Koríko ò hù níbẹ̀.

Kànga wa ò jìnnà sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ayálégbé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bi mí bóyá omi rẹ̀ ṣeé fi wẹ ọmọ, torí ó rí nǹkan kan tó ń dán lójú omi náà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, omi náà dáa. Ohùn ara mi bà mí lẹ́rù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ju garawa sínú kànga, mo sì dúró tì í títí ó fi fa omi ọmọ náà jáde.