Ọdún Tí A Fi Ọparun Gbin Akájà

Ara mi ò gbà á láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kó akájà bàbá mi. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kí ẹnikẹ́ni tó gbé àjẹ̀ jáde. Bàbá mi wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ṣé ìyàwó la fẹ́ lọ gbé ni?" Mo ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akájà ni igbó tí apẹja ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sínú ọ̀sà. A ó ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, ẹja á wọ inú rẹ̀ lọ sá fún oòrùn, á máa jẹun níbẹ̀, á máa bímọ. Tó bá pẹ́, a ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó fa igi rẹ̀ tu, a ó sì kó ohun tó bá wà níbẹ̀. Ohun tí a fi ń jẹun nílé wa lẹ́bàá Iworo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹja ń dín kù. Òbòkún, èyí tí màmá mi fi ń yangàn nídìí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, kò tiẹ̀ yọjú mọ́. Gbogbo wa ń bú ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn lódìkejì omi. Ó tọ́ kí á bú u, nítorí ó ti sọ omi di ẹrẹ̀. Àmọ́ mo tẹ̀lé bàbá mi lọ bẹ́ igi ẹ̀gbà tí a fi ń gbin akájà, bí wọ́n sì ti bẹ́ ọ̀kan létí omi, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tú jáde lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ bí ìgbà tí ìrẹsì dà sílẹ̀. Háà! Ilé ẹja la ń wó kí á lè kọ́ ilé fún ẹja! Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

Mo ní kí á fi ọparun gbin akájà, kí á fi ẹ̀gbà sílẹ̀, kí òjò ọdún yẹn àti ti ọdún tó tẹ̀lé e sì kọjá kí á tó kó o. Àwọn ará àdúgbò ní orí mi ti yí. Màmá mi ló le jù. Oníyanrìn ti wá fi owó tọrọ ojú omi wa, màmá mi sì fẹ́ kí á gbà, nítorí ààrò wọn ti tutù. "Ṣé ọgbọ́n orí ẹ ni màá máa yan tà?" Bàbá mi ló parí ìjà: a ó ṣe é, ṣùgbọ́n tí a bá kó akájà náà tí a kò rí òbòkún, kí oníyanrìn máa mú ibẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà ló wá pé yìí.

A fi àwọ̀n yí i ká, a bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọparun tu. Èpìyà ń fò sókè! Ọ̀kan gbá mi lẹ́nu, gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àrọ̀ wà níbẹ̀, ó tóbi. A ń fa àwọ̀n súnmọ́ra, n kò rí òbòkún kankan. Bàbá mi bojú wo ẹ̀rọ tó wà lódìkejì omi.

Ọparun díẹ̀ ló kù láàárín. Màmá mi, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ kejì, ti bàsíà bọ abẹ́ ọparun náà, wọ́n gbé e sókè.

Òbòkún! Kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n kún inú bàsíà, irùngbọ̀n wọn ń mì.

"Màwú!" Bàbá mi fi èdè Gùn ké pe Ọlọ́run. "Ibí yìí ni wọ́n bí wọn sí!"

Mo fò sókè, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ayọ̀ ń pa mí! Àmọ́ mo rántí ààrò. Mo mọ màmá mi, kékeré ẹja kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn a sá a, wọn a fi sínú ọbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tí ì…"

Wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n rọra tẹ bàsíà náà rì sínú omi lẹ́yìn àwọ̀n, àwọn òbòkún kékeré náà sì ń wẹ̀ jáde lọ. Màmá mi nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ bá mi sọ fún oníyanrìn yẹn. Tó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ débí, èmi ni kó kọ́kọ́ fà, kó tó fa yanrìn."