Àpá Ikùn Ògiri Mushin

Gbogbo ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò ló mọ ìtàn àpá tó wà níkùn Tìrìmísíyù, wẹ́dà ajórin tí wọ́n ń pè ní Ògiri Mushin. Ó ní nígbà tóun ṣì ń ṣọ́ ojú ilé lórí pápá bọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kan fi bàtà onírin ya òun nínú. Òun fọwọ́ kan di ìfun mú, òun fi ìkejì gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà. Ọdọọdún ni irin bàtà náà ń gùn sí i. Lọ́dún tó kọjá, ó ti gùn tó ọ̀kọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn dé Ọ̀yìngbò, ó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró.

Àmúdàtù, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni. Òkúta ló dí ọ̀nà òróòro ọkọ rẹ̀ nígbà kan, ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Àwọn dókítà là á, wọ́n so ọ̀nà náà mọ́ ìfun. Tìrìmísíyù sọ fún àdúgbò pé Ìlọrin lòun lọ ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ sí Ìkòròdú. Kò sẹ́ni tó máa já irọ́ rẹ̀.

Àmúdàtù náà ò jẹ́ já a. Bí ìtàn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, pápá àtijọ́ a padà wá: eruku pupa, òun lórí búlọ́ọ̀kù tóun ń díbọ́n pé ẹ̀pà lòun wá tà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fò bí ológbò, tó sì ń yọjú wò bóyá òun rí i. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ẹ̀rọ agbóhùn rẹ̀ pọ̀ ju ọmọ ìjọ lọ ló wà lórí pápá náà.

Nígbà tí ibà wá dé, Tìrìmísíyù gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́míìsì po oògùn ibà fún un. Ibà lọ, ibà tún dé. Nígbà tó di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú tí kò lè dìde mọ́, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Yaba. Rilwan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé Àmúdàtù lọ síbẹ̀.

“Bàbá, àpá kí nìyí?” Dókítà Òkìkíọlá bi í. “Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí?”

“Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Bàtà ni.”

“Dókítà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé,” Rilwan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni.”

“Ìwọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn,” Tìrìmísíyù ní, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. “Dákẹ́, kí n sọ ọ́ fúnra mi.”

Ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ọ́. Àmúdàtù wo ojú rẹ̀, ó ti tún ń pọ́n bíi tìjọ́sí. Bí òun bá dákẹ́, ọkọ òun lè kú. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ orí pápá yẹn ló máa kú.

“Dókítà, irọ́ ni,” ó ní. “Wọ́n la inú rẹ̀. Wọ́n so ọ̀nà òróòro mọ́ ìfun.”

Tìrìmísíyù kọjú sí ògiri.

“Ẹ ṣeun, Màmá. Kòkòrò inú ìfun lè gba ojú ibi tí wọ́n so yẹn gòkè dé ẹ̀dọ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún,” dókítà ní.

Wọ́n yàwòrán inú rẹ̀, wọ́n bá ọyún nínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ki rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọyún sì dà ju omi ẹ̀rọ ìjọba lọ. Wọ́n ń fa oògùn sí i lára títí ara rẹ̀ fi tutù. Ìgbà yẹn ló tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ìyá Aminullah, o bà mí lórúkọ jẹ́.”

“Mo bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú bọ́ọ̀lù Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yẹn lóòótọ́, mo wà níbẹ̀. Èmi ni màá máa sọ ọ́ fún wọn báyìí.”

Tìrìmísíyù yíjú padà sí i.

“Má wulẹ̀ bù ú kù,” ó ní.