Èèkàn Bàbá Mi Létí Òkun

Àgbẹ̀ Issaba ni bàbá mi, omi òjò nìkan ló sì mọ̀. Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ wa níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi á gba oko, á jókòó síbẹ̀ títí òjò á fi dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé lọ́dọ̀ wa kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Á kan èèkàn sí etí omi, á máa wò ó. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, ó di kó wá ibòmíràn.

Ní àwọn ọdún tí Dàhòmè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ń gbé ní Sakété, a sì máa ń lọ ra àgbọn àti ẹja yíyan létí òkun. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ mi. Apẹja ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi sì ti pinnu. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ti pinnu, ó parí. Bàbá mi nìkan ló kù. Ó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́nu omi láìjẹ́ pé òun fojú ara òun rí ibẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wá. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè, mo bá a nínú rẹ̀ ní Sakété, a jọ dé Àjàṣẹ́, a sì gun ọkọ̀ akẹ́rù, kàmíọ̀n, lọ sí etí òkun. Ọkọ mi àti àwọn ará ilé rẹ̀ ò tíì kí i tán tó fi yọ èèkàn kan nínú àpò. Ó gbé igi wá láti Issaba, bí ẹni pé igi wọ́n létí òkun! Ojú tì mí. Ó fi òkúta gbá a wọlẹ̀ jinjin níbi tí yanrìn ti tutù, ó wá bá wa jẹun.

Nígbà tí a padà síbẹ̀, a ò rí èèkàn mọ́. Ìgbì ń hó lórí ibi tó wà. Bàbá mi wojú ọ̀run, kò sí ìkúukùu kankan.

"Òjò wo ló rọ̀?"

"Òjò kankan ò rọ̀, Bàbá."

"Omi tó ń kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni yóò ṣe tí òjò bá dé? Kó ẹrù rẹ. A ń lọ sílé."

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. N kò lè pariwo mọ́ bàbá mi, àmọ́ n kò lè dákẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe òjò ló ń gbé e dìde, òṣùpá ló ń fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń padà. Lọ́la, á pẹ́ díẹ̀ ju tòní lọ, nítorí òṣùpá náà á pẹ́ kó tó yọ. Tí òṣùpá bá kún, tàbí tí a ò bá rí i rárá, ìgbà náà ni omi ń gòkè jù. Òní gan-an ni òṣùpá kún. Ẹ wo ibi tó dé."

Mo nàka sí ibi tí omi to èèpo àgbọn sí lórí yanrìn. Ilé wọn wà lókè réré, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú mi ni."

"Kí ló dé tí òṣùpá ò fa omi kànga wa?"

"Omi kànga kéré jù, Bàbá. Òkun ló tóbi tó."

Kò sí ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ó di dandan kó sùn.

Ní òwúrọ̀, kó tó bu omi bọ́jú, ó ti wà létí òkun. Omi ti fà lọ jìnnà. Èèkàn náà dúró níbi tó kàn án sí, ó kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Bàbá mi fà á tu. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e padà sílé. Àfi bó ṣe gòkè lọ síbi tí èèpo àgbọn wà, tó sì kàn án síbẹ̀.

"Ibí ni kí omi mọ," ló wí fún ọkọ mi, tó gbọ́ èdè wa dáadáa. "Tó bá kọjá ibí, gbé ọmọ mi padà wá fún mi."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Kò tún wá sí etí òkun mọ́. Nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi lọ sí Issaba, ìyá mi ló sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá kún, tó bá ń yọ lórí oko ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á gbé ọkọ́ sílẹ̀, á sì sọ fún òun pé, "Omi ti dé ìdí èèkàn mi. Ọmọ wa wà lókè."