Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ Japan fún àwọn aláró Ìtòkú

Ẹ̀yin ọmọ tó ń béèrè bí ìjà owó-orí obìnrin ṣe rí l'Ábẹ́òkúta, ogun Hitila kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, àwọn ọmọ wa tó bá Japan jà ní Bọ́mà sì ti padà wálé. Tíṣà ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn aláró Ìtòkú ní ìwé kíkà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́sàn-án Sátidé. Ọkàn mi kì í balẹ̀, torí àkóda, ìyẹn ọlọ́pàá ọba, ń ká obìnrin tí kò san owó-orí mọ́lé kiri.

Lọ́jọ́ kan, àwọn aláró ní kí n sọ irú èèyàn tí ará Japan jẹ́. Mo ní Japan gba erékùṣù Taiwan tó múlé tì í lọ́wọ́ Ṣáínà, ó sì fi àádọ́ta ọdún jọba lé e lórí. Ó so ilé mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀: bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, gbogbo wọn ni yóò jìyà. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò ṣe di amí aládùúgbò.

Ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí obìnrin kan fi sáré wọlé: àkóda ti mú Ìyá Rábí, ọ̀kan nínú àwọn aláró tí mò ń kọ́, níbi tó sá pamọ́ sí lẹ́yìn ìkòkò aró.

"Ta ló júwe ibẹ̀ fún wọn?" ni ọ̀kan nínú àwọn aláró béèrè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí aláró, dìde. "Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, aró yín ńkọ́? Bí ẹ ò bá rò ó lónìí, á bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́! Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ọ́ ni, tíṣà? Dìde, o jàre."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn béèrè ẹni tí kò tíì san owó-orí. Gbogbo àwọn aláró na ọwọ́ tí aró ti pa dúdú sókè.

"Àwa ni. Ẹ ti gbogbo wa mọ́lé."

A jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi Ìyá Rábí sílẹ̀. Aró bàjẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé owó-orí obìnrin kúrò, a jó, a yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣòfófó kò jẹ́wọ́ rí, a ò sì ní ìgboyà láti béèrè mọ́. Títí Ìyá Rábí fi kú, kò gba omi mu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan èmi tí mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.