Bàtà Bàbá Mi Tí Kò Ní Ìsàlẹ̀

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì lọ ni mo ti mọ ìlù bàbá mi yàtọ̀ sí ti onílù mìíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi aṣọ bò mí lójú, ẹ ní kí onílù mẹ́wàá lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, màá nawọ́ sí ti bàbá mi láìṣì í. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ìlù yẹn ló ń jí wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé nílé wa ní Kútọnu, òun náà ló sì ń lé adìyẹ àwọn aládùúgbò wọ abẹ́ ibùsùn.

Batirí ni bàbá mi ń lù, àkójọ ìlù àti àwo idẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sáàárín wọn, tí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ pa pọ̀. Rọ́ọ̀kì ni orin tó fẹ́ràn jù. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń lù ú káàkiri àwọn ilé ijó, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Nígbà tí ìjọba Ìyípadà dé, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Ehuzu, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ijó náà ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi bá gba iṣẹ́ akọ̀wé, ó kó batirí rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó wá di onílù ọjọ́ Sátidé.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń lu ìlù. Nígbà tó ń kọ́ ìlù lílù ní Pọ̀bẹ̀ ìlú rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló ní, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi bàtà yẹn tẹ irin kankan. Ó máa ń bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ irin tó ń gbá ìlù ńlá ilẹ̀. Bó ṣe di bárakú fún un nìyẹn. “Ẹsẹ̀ mi létí,” ó máa ń wí fún wa, “bí mo bá fi bàtà dí i, kò ní í gbọ́ mọ́.”

Ní ọdún kan, lẹ́tà oníòǹtẹ̀ dé. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ orin fẹ́ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ ńlá kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu títí dé Parakú, kí wọ́n máa ṣeré ní àwọn ìlú ńlá ojú ọ̀nà. Wọ́n mú onígìtá kan láti Àjàṣẹ́, wọ́n mú afunfèrè, wọ́n mú olórin tí gbogbo ọmọge Kútọnu ń kú fún. Bàbá mi ni wọ́n ní kó wá lu ìlù. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dé fìlà nínú ilé, ó sì ń rìn kiri yàrá láìní ibì kan tó ń lọ. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ẹ má rò pé ó rọrùn kí àwọn ìràwọ̀ olórin mẹ́rìnlá jókòó sójú kan o. Olúkúlùkù wọn ti jọba nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n jà lórí ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n jà lórí ẹni tó máa jókòó létí fèrèsé ọkọ̀ ojú irin tí wọn kò tíì wọ̀. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ náà, ọmọ Ṣakété kan tí kì í bọ́ kóòtù alápá péńpé rẹ̀, ló ń là wọ́n. Faransé ló máa ń sọ, àmọ́ tí inú bá ti bí i, Nàgó, Yorùbá tiwa, ló ń bọ́ sí. Ó pín aṣọ kan náà fún gbogbo wọn, ó pín bàtà dúdú tó le bíi pákó, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun ìtàgé láìwọ bàtà.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará oko máa wí pé Ìyípadà kò rí bàtà rà fún àwọn olórin rẹ̀ ni?” ló bi wọ́n.

Ó tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ rìnrìn àjò náà. Ẹni tó bá kó wọn, ilé ló ń padà sí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní Kútọnu, èmi àti màmá mi sì wà láàárín èrò. Àwọn tó wà lórí ìtàgé ké “Ehuzu!”, gbogbo wa dáhùn “Dandan!”, orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Bàtà náà ń yọ̀ lórí irin. Ìlù ńlá tó yẹ kó máa kó orin lọ ń pẹ́ dé, bí ẹni tó ń sáré lépa ọkọ̀. Onígìtá Àjàṣẹ́ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa wí pé, “Bàbá yìí ti darúgbó.” Mo fẹ́ yíjú padà kí n bú u, àmọ́ màmá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ìgbìmọ̀ wá sílé wa. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó bọ̀wọ̀ fún un, kó tó sọ ohun tó bá wá. “Kamarádì, tí eré wa ní Bohicon bá rí bíi ti àná, ọmọkùnrin yẹn ló máa jókòó sí ìdí ìlù.” Onílù kékeré kan wà tí wọ́n mú dání bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, òun ló ń wí. Bàbá mi dáhùn pé òun gbọ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó kùnà ìdánwò.

Bàtà àlòkù ni màmá mi ń tà ní ọjà Misẹ̀bo. Kò sí bàtà tí kò lè tú palẹ̀, kò sì sí èyí tí kò lè tò padà. Nígbà tó dé láti ọjà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lọ kó bàtà dúdú náà wá. Ó gbé bàtà ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gé gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Bàbá mi fò dìde. “Kí lò ń ṣe yìí? Bàtà ìjọba ni!”

“Òkè rẹ̀ ni ìjọba ń wò,” ni màmá mi dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Òkè rẹ̀ náà ni mo fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò.”

Ó rán rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ọn lábẹ́ kó má baà gòkè. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ẹ ó búra pé bàtà ni. Bàtà òsì kò dá wàhálà sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Màmá mi di ẹrù bàtà méjì pé òun ń lọ tajà ní Parakú, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà, kóòṣì ẹ̀yìn pátápátá. Kí a tó gbéra, ó gbá etí mi mú. “A kò mọ̀ ọ́n rí. Tí o bá fi lè pè é ní bàbá lójú èèyàn, wọ́n á dá a padà.” Mo gbà. Ẹ kò lè mọ bí ó ti nira tó fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní Bohicon, ilẹ̀ gbóná bí agbada ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Bàbá mi ń tiro láti ibùdókọ̀ títí dé ìtàgé, wọ́n rò pé arọ́mọléegun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan irin, ah! Gbogbo àwọn ìràwọ̀ tó ń jà yẹn, ṣe ni ó dì wọ́n pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná. Wọn kò lè sá lọ mọ́. Ní Ṣábẹ̀, àwọn ìyá tó gbọ́ pé Nàgó ni yí i ká, wọ́n ń bi í pé ọmọ ta ni, ìyàwó mélòó ló ní, ṣé ó bímọ. Ó wojú mi láàárín èrò, ó ní, “Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún yín.” Èmi gbé bàtà àlòkù mọ́ àyà, mo pa ẹnu mọ́.

Parakú ni ìgbẹ̀yìn. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa sì ti bo ìtàgé onípákó náà nípọn. Bàbá mi tètè gòkè lọ láti di ìlù rẹ̀ le. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ìgbìmọ̀ gòkè, ó bojú wolẹ̀, ó dúró. Láti orí àtẹ̀gùn títí dé ìdí batirí, ojú bàtà òsì kan, ojú ẹsẹ̀ lásán kan, ìka márààrún hàn kedere. Ó tẹ̀lé e bí ọdẹ. Bó ṣe dé ìdí rẹ̀, Faransé ti tán lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè.”

Bàbá mi gbé e. Ọ̀gá wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà títí, ó ní kó dìde, kí onílù kékeré wá jókòó, nítorí olórí ẹkùn, aṣojú ìjọba ní agbègbè Parakú, ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tí kò bá sì ní bàtà kò ní í ṣeré.

Ọmọkùnrin náà wá. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà ọ̀tún rẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀. “Ọ̀gá, èmi náà kò ní bàtà.” Onígìtá Àjàṣẹ́ bọ́ tirẹ̀. Afunfèrè bọ́ tirẹ̀. Àwọn èèyàn tí kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí fèrèsé! Olórin tí àwọn ọmọge ń kú fún nìkan ni kò bọ́ tirẹ̀. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló ya. Ọ̀gá gbọ́ fèrè mọ́tò olórí ẹkùn, ó di orí mú. “Ẹ jókòó! Ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹsẹ̀ pamọ́!”

N kò ní í lè lu ìlù ọjọ́ náà fún yín pẹ̀lú ẹnu. Nígbà tí àwọn yòókù dákẹ́ tó wá ku òun nìkan, ilẹ̀ ń mì dé ibi tí mo dúró sí. Olórí ẹkùn dìde, gbogbo èrò dìde. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, “Ta ni bàbá yìí?” Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní, “Bàbá mi nìyẹn!” Màmá mi gbọ́, kò tẹ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ jù, obìnrin náà kò gbọ́.

Ìgbà ti yí. Ẹ̀rọ ìléwọ́ yín ń lu ìlù fúnra rẹ̀ báyìí, kì í ṣìṣe, kò sì bìkítà bóyá ẹ wọ bàtà. N kò bá a jà, èmi náà ń fi í jó. Ehuzu ti kọjá, kò sí ẹni tó ń yan aṣọ fún olórin mọ́, bàbá mi pẹ̀lú ti sùn ní Pọ̀bẹ̀. Bàtà ọ̀tún yẹn wà lórí ìṣó ní yàrá mi, ẹ̀yin náà lẹ sì bi mí lánàá pé kí ni mò ń fi bàtà tí kò ní ìsàlẹ̀ ṣe. Ilé dákẹ́ nísinsìnyí, kò sí ariwo tí kò ní í jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Bàbá mi nìyẹn.