Òfin Ilẹ̀ Tí Mo Túmọ̀ Lórí Bẹ́ǹṣì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ ń bọ̀ wá fojú rí oko àgbọn Bàbá Húnsù ní Ìwòrò, inú gbogbo ọ́fíìsì wa ló dùn. Lọ́yà wa nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé wa ń súfèé. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn, nítorí èmi nìkan ni mo mọ̀ pé koríko ti bo oko náà, ẹnu mi yìí ló sì mú un hù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ti ń wò mí bíi pé mo ti fo ojú ìwé kan.

Kí n tó dé ọ́fíìsì lọ́yà, ẹja ni mo ń yan ní Àjídò. Ìdí èéfín ni mo ti kàwé, bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ìwé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá balẹ̀ sí ìlú, tí àwọn ènìyàn ń ra ilẹ̀ etí òkun bí ẹni ń ra búrẹ́dì, ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀ bí eèrà. Lọ́yà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, wá gba yàrá méjì àti fáráńdà kan ní Àgbádárìgì. Ó ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa po tíì, tí yóò sì gbọ́ Ẹ̀gùn, torí bí àwọn ará etí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wíwò ni wọ́n máa ń wo ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo lọ bá a. Ó bi mí bóyá mo mọ̀wé. Mo ní mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Lọ́yà wa kì í bá ẹnikẹ́ni pe ẹnìkan lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́, òun ni tiwa. Kì í sì í ṣe ẹjọ́ olè tàbí ti apànìyàn o. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, ẹjọ́ ààlà, ẹjọ́ ọmọ ẹran tó wọ ilé onílé. Ẹni tó pe ẹjọ́ ni wọ́n ń pè ní olùpẹ̀jọ́, ẹni tí wọ́n pè ni olùjẹ́jọ́. Èmi ò lè rántí èwo ni èwo, nítorí náà ẹni tó ń lé àti ẹni tí wọ́n ń lé ni mò ń pè wọ́n, kò sì sí ẹni tí kò yé lórí fáráńdà.

A jàre púpọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti opó kan tí wọ́n ní ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ agbádá ọkùnrin kan lórí okùn tí wọ́n sá a sí. Lọ́yà wa ní kí ọkùnrin náà gbé agbádá ọ̀hún wá, kó sì fi ojú ibi tí ẹran ti jẹ ẹ́ han kóòtù. Ọkùnrin náà fi han: ọrùn aṣọ ni, níbi tó ga jù lórí okùn, tí etí aṣọ tó wà nísàlẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Lọ́yà wa ní, "Ṣé ewúrẹ́ yìí gba àkàbà lọ́wọ́ yín ni?" Ọjọ́ yẹn, gbogbo wa la mu Fáńtà, opó náà sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́rùn lọ sílé.

Ìgbéraga ló kó bá mi. Àwọn tó wá rí Lọ́yà máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan ní fáráńdà, èmi ni mo sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí mo bá ti gbọ́ nǹkan nípa òfin nínú ilé, màá gbé e jáde fún wọn ní Ẹ̀gùn àti Yorùbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Lọ́yà Kékeré. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbọ́ tèmi tán, wọ́n á dìde lọ sílé láì wọlé rárá. Nígbà tí Lọ́yà wa gbọ́ èyí, ó ní ẹni tó bá tún sọ òfin fún oníbàárà lẹ́yìn òun, ilé ló ń lọ. Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo wá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bí òfin ilẹ̀ tuntun ìjọba ológun ṣe dé nìyẹn. Lọ́yà wa ti Èkó dé pẹ̀lú ìwé ńlá kan, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Akọ̀wé. Èmi ń po tíì. Mo gbọ́ tó ní gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Mo gbé tíì kalẹ̀, mo sáré jáde. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, pé gómìnà kàn ń di ilẹ̀ náà mú fún ará ìlú ni, àti pé ẹni tó ń dáko á máa dáko rẹ̀ lọ. Ìdajì òfin ni mo gbé jáde, bí ẹni yọ iṣu lórí iná kó tó jinná.

Bàbá Húnsù ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Agbaṣẹ́ṣe kan tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló pè é lẹ́jọ́. Ó ní òun ti ra oko àgbọn náà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Bàbá, àti pé igbó ni, ọdún gbọọrọ ni ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kàn án. Gbogbo agbára ẹjọ́ tiwa ni pé Bàbá ń ro oko náà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Lọ́yà wa ti kì í nílọ̀ pé kó má jẹ́ kí koríko kankan hù títí kóòtù á fi wá wò ó. Èmi wá sọ òfin tuntun mi.

"Ṣé gbogbo ilẹ̀?" ni Bàbá bi mí.

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

"Títí kan tèmi?"

"Títí kan ti ọba pàápàá."

Ó ní, "Ṣé àdá gómìnà yìí mú ṣá?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwàdà ni mo pè é.

Oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó ku ọjọ́ méjì kí adájọ́ wá, ẹlẹ́ja kan láti Ìwòrò wá sọ fún mi pé Bàbá Húnsù ti gbé àdá kọ́, ìdí àgbọn ló ń jókòó sí látàárọ̀, ó ń dúró de gómìnà. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ìdajì òfin ni mo sọ fún un.

"Nígbà tí o ń sọ ọ́, odindi lo pè é," ló wí.

Mo ní kó jẹ́ ká wá ènìyàn ro oko náà lọ́la. Ó ní òun kì í ṣe lébìrà gómìnà, òun ò sì ní í yá gómìnà ní lébìrà. Mo ní gómìnà ò ní í wá. Ó ní nǹkan táwọn ènìyàn sọ nípa ọkọ̀ ojú irin náà nìyẹn, ó sì dé Èkó. Mo padà sílé pẹ̀lú orí fífọ́. Mi ò lè sọ fún Lọ́yà, torí iṣẹ́ mi ló máa bọ́.

Nígbà tá a dé oko lọ́jọ́ náà, koríko dé orúnkún. Lọ́yà wa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Koríko ṣì wà níbẹ̀. Lọ́yà agbaṣẹ́ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ológbò tó rí orí ẹja. Adájọ́ wá béèrè ògbufọ̀ kóòtù, wọ́n ní ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ó béèrè ẹlòmíràn tó gbọ́ Ẹ̀gùn. Akọ̀wé wa, kí Ọlọ́run dárí jì í, fìka tọ́ mi. Lọ́yà agbaṣẹ́ṣe náà ní kò burú. Wọ́n fún mi ní Bíbélì, mo búra pé òtítọ́ ni màá sọ.

Lọ́yà agbaṣẹ́ṣe ní kí n bi Bàbá bóyá òun ló ń ro oko yìí. Bàbá dáhùn.

"Ó ní rárá," ni mo wí. Lọ́yà wa dijú.

"Ta ló wá ń ro ó?"

"Ó ní gómìnà ni."

Adájọ́ fi bírò sílẹ̀. Ó ní kí Bàbá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá Húnsù na ìka sí mi, ó sì rò ó ní Ẹ̀gùn láti orí dé ẹsẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, èmi àti òun nìkan la gbọ́. Mo lè ní ara rẹ̀ ni kò yá. Mo lè ní ó ń kí adájọ́ kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí i, ilẹ̀ bàbá arúgbó lọ nìyẹn. Bí mo bá sì sọ ọ́, èmi náà lọ. Mo wo Bíbélì. Mo wo Lọ́yà.

Mo ní, "Olúwa mi, ó ní obìnrin kan ní ọ́fíìsì lọ́yà òun ló ní gómìnà ti gba ilẹ̀, ni òun bá gbé àdá kọ́. Ó ní ó pé oṣù kan géérégé lónìí, àti pé kó tó di ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí òun kì í ro ó. Ó ní obìnrin ọ̀hún kúrú, ó dúdú, ó sì máa ń wé gèlè aláwọ̀ ewé."

Adájọ́ wo orí mi. "Bíi tiyín yìí?"

"Òun gan-an ni, Olúwa mi."

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Bàbá fi bọ́ fìlà, tó sì yọ lẹ́tà kan jáde níbẹ̀. Tíṣà abúlé ló bá a kọ ọ́ sí káńsù, káńsù sì ti lu òǹtẹ̀ gbígbà, tó ní déètì oṣù tó kọjá, mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ kà á sókè. Nínú rẹ̀, Bàbá ní òun ti ro oko náà láti kékeré títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá ku iṣẹ́ sọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tètè wá, nítorí koríko kì í dúró de ìjọba. Kí wọ́n mú àdá tiwọn wá, òun kì í yáni ní àdá.

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó sì wo òǹtẹ̀. Ó ní ọmọ oṣù kan nìyí, kì í ṣe ti ọdún gbọọrọ. Lọ́yà agbaṣẹ́ṣe kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ìdájọ́ dé, Bàbá Húnsù jàre.

Nínú mọ́tò tó gbé wa ti oko bọ̀ lọ́jọ́ tí adájọ́ wá, a ti sún mọ́ Àgbádárìgì kí Lọ́yà tó yíjú sí mi.

"Ìyá Màutin, ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí n lé yín."

"Mo mọ̀, sà."

"Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn padà ńkọ́?"

Mo ní ilẹ̀ bàbá ni ì bá lọ, dípò iṣẹ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bí òfin tuntun bá dé, èmi ni òun máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì sọ ọ́ padà fún òun kí n tó fẹsẹ̀ kan fáráńdà. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, látorí òfin ilẹ̀ dórí òfin ayálégbé, títí eyín iwájú mi fi bọ́ tí mo sì fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó tún gbé àdá kọ́ nítorí mi.

Ṣùgbọ́n mo jẹ ìyà kan. Bàbá Húnsù ní ẹni tó ní kí òun dáwọ́ dúró ni yóò ro oko náà, Lọ́yà sì ní ó tọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú koríko ní Ìwòrò. Àdá tèmi ni mo mú lọ. Bàbá jókòó sínú òjìji, ó ń mu omi àgbọn, ó ń fìka tọ́ka sí ibi tí mo fò. Nígbà tí mo ro ó tán lọ́jọ́ kẹta, tí ẹ̀yìn mi kò tọ́ mọ́, ó bẹ́ àgbọn kan fún mi, ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, òfin tuntun wo ló tún jáde?"

Mo mu omi àgbọn náà tán pátá kí n tó dá a lóhùn.

"Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan."